Apá Ọ̀tún Ẹ̀wù Alápò

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Fúnkẹ́, sọ pé àpò mẹ́jọ péré ni ó wà lára ẹ̀wù náà. Lójú tèmi, wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ: àwọn kéékèèké ní igbá àyà, àwọn ńláńlá ní ìsàlẹ̀, àwọn kan nínú tí ojú kì í tó, àti ọ̀kan gbọọrọ ní ẹ̀yìn tí ẹni tí ó wọ ẹ̀wù náà kò lè ki ọwọ́ bọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bọ́ ọ. A ti jiyàn lórí rẹ̀ lórí fóònù títí ó fi bínú gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ka ìwé dé yunifásítì, wọ́n sì kọ́ mi níbẹ̀ pé kí n máa bi ẹ̀rí léèrè ibi tí ó ti wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí tí ó wà lọ́wọ́ mi nípa ọdún náà kò ju ojú àti etí ọmọdébìnrin kan lọ, n kò sì mọ ohun tí mo ti fi kún un láti ìgbà náà wá. Ohun kan ṣoṣo tí Fúnkẹ́ àti èmi kò jiyàn lé lórí ni pé ilé wa ní Ṣàgámù dákẹ́ rọ́rọ́ nítorí ẹ̀wù náà, àti pé a gbọ́ tí màmá wa ń sọ fún bàbá wa pé, "Èmi ni mo kó o padà síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n lọ sọ ọ́ fún wọn," tí bàbá wa sì dá a lóhùn pé, "Ta ni ó wọ̀ ọ́?" Fúnkẹ́ ní ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti sọ ọ́. Èmi ní inú yàrá ni.

Ilé wa àti ilé àwọn olóbì jọ ní ògiri kan, a sì jọ ń fa omi nínú kànga kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni a ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń wọ́ agbọ̀n obì lórí sìmẹ́ǹtì, lẹ́yìn ìyẹn ohùn àwọn obìnrin tí ń bó èèpo obì sínú omi, tí wọ́n ń bú ara wọn, tí wọ́n sì ń bá ara wọn rẹ́rìn-ín láìsinmi. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, ìró tí ó máa ń dáhùn ni ti Ìyáàgbà, ìyá tó bí bàbá mi, tí ń rin ewùrà lórí pátákó onírin fún ìkọ́kọrẹ́: gbarà, gbarà, gbarà, bí ẹni ń fi ìró náà ka ọjọ́. Iṣẹ́ tèmi ni láti gbá iwájú ilé àti láti nu àga tí àwọn oníbàárà bàbá mi máa ń jókòó lé ní yàrá iwájú, níbi tí ó ta aṣọ kan sí, tí wọ́n ya òkun àti ọ̀pẹ sí i lára. Ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni yàrá òkùnkùn tí bàbá mi ti ń fọ fíìmù àwòrán wà. Bí wọ́n bá ti so aṣọ dúdú mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kan ilẹ̀kùn, kódà bí iná bá ń jó ilé. Ìyáàgbà ni ó máa ń sọ bẹ́ẹ̀, kì í sì rẹ́rìn-ín bí ó bá ń sọ ọ́.

Àbúrò bàbá mi tí ó ń ṣiṣẹ́ ní èbúté Èkó ni ó mú ẹ̀wù náà wá. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti kakí tí oòrùn ti pa, kò ní apá, àpò sì bo gbogbo rẹ̀ bí ẹni pé aránṣọ tí ó rán an kò mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dáwọ́ dúró. Ó ní èyí ni àwọn ayàwòrán òkè òkun ń wọ̀, pé kò sí ẹni tí ń gbé báàgì kọ́ èjìká mọ́. Bàbá mi wọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀, ó dúró níwájú dígí, ó ń bọwọ́ bọ inú àpò kan, ó ń bọwọ́ bọ inú òmíràn. N kò tíì rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ sí aṣọ rí. Nígbà gbogbo ni báàgì aláwọ rẹ̀ máa ń fa èjìká rẹ̀ òsì wálẹ̀, débi pé nígbà tí kò tilẹ̀ gbé e pàápàá, èjìká náà a ṣì rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Ó ṣàlàyé fún gbogbo wa pé bí òun bá gbé báàgì sílẹ̀ níbi ìnáwó, àwọn ọmọdé a tú u, àgbàlagbà kan a jókòó lé e, bí òun bá sì ń wo inú kámẹ́rà, ojú òun kan a ṣì wà lára báàgì. Ẹ̀wù yìí kò ní í kúrò lára òun. Ọwọ́ òun a mọ ọ̀nà lọ sí ibi gbogbo láìjẹ́ pé ojú bá a lọ.

Ìyáàgbà kò gbà. Èdè Rẹ́mọ ni ó máa ń sọ láti àárọ̀ dé alẹ́. Yorùbá ilé ẹ̀kọ́ ni mo fi ń kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ níhìn-ín nítorí pé n kò gbẹ́kẹ̀ lé etí mi mọ́. Ó bi bàbá mi bóyá ooru Ṣàgámù kò tó o tẹ́lẹ̀ ni tí ó fi tún ń ru ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sí àyà. Ó bi í bí yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ kí ohun gbogbo má dà sílẹ̀, bí yóò ṣe jókòó jẹun láàárín àwùjọ, àti ohun tí òógùn yóò ṣe fún fíìmù. Màmá mi ní tirẹ̀ béèrè ìbéèrè kan ṣoṣo, ìyẹn ẹni tí yóò máa fọ̀ ọ́. Ní ìta, àwọn obìnrin olóbì rí ohun tí wọn yóò máa sọ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan. Ọ̀kan nínú wọn nahùn sí i láti orí ògiri pé, "Fótò, ogun wo ni wọ́n ní kẹ́ ẹ wá jà?" Òmíràn ní kí ó bá òun kó gbàǹja òun sínú àpò tí ó ṣófo, pé ó kúkú jọ pé àpò pọ̀ ju ohun tí ó ní lọ. Bàbá mi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò bọ́ ọ.

Ìgbéyàwó kan ní Likosi ni ó dá a láre. Òjò dé lójijì bí ìyàwó ṣe ń jáde. Àwọn ènìyàn sá wọ abẹ́ àtíbàbà, bẹ́ǹṣì ṣubú, ẹlòmíràn sì gbé báàgì ẹlòmíràn lọ nínú ìdàrúdàpọ̀ náà. Bàbá mi ní òun dúró nínú rẹ̀, òun ń yà á lọ, òun ń pààrọ̀ fíìmù lábẹ́ agbòjò ẹnìkan láìwo ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo ohun tí òun nílò wà níbi tí ọwọ́ òun mọ̀. Ó sọ ìtàn náà títí oúnjẹ fi tutù. Láti ọjọ́ náà ni ó ti pa agolo rẹ̀ tì. Agolo tí a ti mu ohun inú rẹ̀ tán ni, tí ìdérí rẹ̀ le, tí ó máa ń ju fíìmù tí ó bá ti yà tán sí nínú báàgì àtijọ́. Ó gbé e sórí pẹpẹ yàrá òkùnkùn. Ó ní apá òsì ẹ̀wù náà ni agolo òun báyìí. Fíìmù tuntun wà ní àpò àyà ọ̀tún, èyí tí òun bá ti yà wà ní àpò àyà òsì, kò sì tún sí ohun tí òun ní láti máa rò.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ohun kan nípa iṣẹ́ náà kí ohun tí ó tẹ̀lé e lè yé ẹni tí kò rí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ rí. Fíìmù tuntun máa ń yọ ahọ́n kékeré kan jáde lẹ́nu kóló kékeré tí wọ́n ká a sínú rẹ̀, òun ni a fi ń kọ́ ọ mọ́ inú kámẹ́rà. Bí a bá yà á tán, a máa ń ká a padà. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán a ká a títí ahọ́n náà yóò fi wọlé pátápátá, kí wọ́n lè mọ̀ pé ó ti parí. Bàbá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fi ahọ́n rẹ̀ sílẹ̀ níta, nítorí pé nínú òkùnkùn, ahọ́n náà ni ó máa ń dì mú láti fa fíìmù jáde láìfọ́ kóló. Bí ó ṣe kọ́ ọ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí o bá gbé fíìmù tí ó ti yà àti èyí tí kò tíì yà sórí tábìlì, ìyá kan náà ni ó bí wọn. Ibi tí wọ́n wà nìkan ni ó ń sọ ìyàtọ̀.

Ìyá Olóbì ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá Alhaji Sàbítíù, baálé ilé kejì. Ó ti darúgbó gan-an. Láràárọ̀ ni ó máa ń jókòó lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá obì, tí ó ń fi ìka yẹ obì wò, nítorí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Èyí tí kòkòrò ti wọ̀, a jù ú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Kò sì sí ẹni tí ń tún un yẹ̀ wò lẹ́yìn rẹ̀. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni ya àwòrán òun rí. Wọ́n ní nígbà tí ọmọ rẹ̀ fẹ́ mú un lọ sí Mẹ́kà, fótò páàsìpọ́ọ̀tù ni ó dá a dúró. Bóyá òótọ́ ni, bóyá ẹ̀sín àwọn obìnrin ni. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀ ni pé, "Ẹni tó bá ti ní àwòrán mi lọ́wọ́ ò ní í wá wò mí mọ́." Nítorí náà, nígbà tí ó ránṣẹ́ pe bàbá mi lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, a rò pé ẹjọ́ omi kànga ni.

Mo tẹ̀lé bàbá mi lọ. Ó bá a lórí àpótí rẹ̀, ó ti wọ aṣọ funfun, ó sì ti wé gèlè. Ìyá náà ní òun fẹ́ jókòó kí ó ya òun, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, kí ó má sọ pé kí òun tún wá. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ kí ó tó gbé kámẹ́rà sójú, ohun tí n kò rí i kí ó ṣe fún oníbàárà kankan rí. Àwọn ọmọ àti àwọn ìyàwó ilé rọ́ jáde, wọ́n ń ti ara wọn. Ìyá náà na ọwọ́ kan ẹ̀wù náà, ó ń fi ìka yẹ àpò rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń yẹ obì, ó sì béèrè bóyá ìdílé rẹ̀ ni ó kó sínú rẹ̀. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Bàbá mi yà á lóun nìkan lẹ́nu ọ̀nà tí ó ṣókùnkùn náà, ó tún yà á, ó tún yà á. Nígbà tí Alhaji ní kí gbogbo ìdílé wá dúró yí i ká, ìyá náà dìde. Ó ní òun ti jókòó tán. Ó wọlé lọ, bàbá mi sì fi èyí tí ó kù nínú fíìmù náà ya àwọn ọmọ àti ìyàwó. Ó ká a, ó fi í sí àpò àyà òsì, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú pẹ́pẹ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ń kọ yìí, bí ó ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ lù ú yẹn ni n kò lè ṣiyèméjì nípa rẹ̀.

Kò fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà. Omi oògùn tí a fi ń fọ fíìmù ti tán, ẹni tí ó ń bá a rà á bọ̀ láti Èkó kò sì tíì dé. Kò sí ìkánjú. Láràárọ̀ ni a ṣì ń rí ìyá náà lórí àpótí rẹ̀. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn ni bàbá mi gun ọ̀kadà lọ sí Àkàkà láti lọ bá àwọn kan sọ̀rọ̀ nípa ìnáwó tí wọ́n fẹ́ ṣe. Nígbà tí ó dé, eruku ọ̀nà ti pa ẹ̀wù náà pọ́n bí epo. Ó tú àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó kó ohun tí ó wà ní ọ̀tún sínú abọ́ funfun, ó kó ti òsì sínú abọ́ aláwọ̀ ewé, ó sì sọ fún màmá mi pé bí ẹ̀wù náà bá ti gbẹ, kí ó dá ti abọ́ funfun padà sí ọ̀tún, kí ó dá ti èkejì padà sí òsì. Fíìmù kan ṣoṣo ni ó wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Màmá mi kì í ṣe ẹni tí ń gbàgbé nǹkan. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ padà fún un kí ó tó gbé ẹ̀wù lọ sídìí kànga.

Ìyá Olóbì kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láìṣàìsàn. Kí ìrun ọ̀sán tó parí, wọ́n ti sin ín. Ní ilé tiwa tí a jẹ́ onígbàgbọ́, òkú àgbà a máa dúró, wọn a wọ̀ ọ́ láṣọ, wọn a tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí àwọn ayàwòrán lè yà á. Ní ilé tiwọn, kò sí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Bàbá mi dúró nídìí sàréè pẹ̀lú ọwọ́ òfìfo. Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀, Alhaji di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì sọ fún un lójú gbogbo ènìyàn pé, "Ọwọ́ yín ni ìyá mi wà o." Bàbá mi tún ọ̀rọ̀ náà sọ fún wa nígbà tí ó délé, pẹ̀lú ohùn ẹni tí wọ́n dá lọ́lá. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó wọ ẹ̀wù rẹ̀ tí ó ti mọ́, ó lọ ya àdúrà tí wọ́n ṣe fún ìyá náà: àwọn ààfáà, àwọn ará Sábó tí wọ́n ń bá wọn ra obì, ọ̀pọ̀lọpọ̀ fìlà funfun, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọwọ́ tí a nà sókè. Fíìmù tí ó wà ní àpò ọ̀tún ni ó kì bọ kámẹ́rà. Kò yà á tán.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, omi fíìmù dé láti Èkó. Ó so aṣọ dúdú mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó mú fíìmù inú àpò òsì wọlé. Nígbà tí ó jáde, ó mú un dání, ó nà án sí oòrùn, mo sì rí i pé ó mọ́ gaara láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí dígí fèrèsé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ó wò ó títí, ó sì jókòó lórí ìdérí kànga. N kò mọ ohun tí mo rí lójú rẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ìyáàgbà dẹ́kun rínrin ewùrà.

Ó pe màmá mi, ó sì rọra bi í bí ó ṣe dá nǹkan padà sínú ẹ̀wù lọ́jọ́ yẹn. Màmá mi ní, "Bí ẹ ṣe wí ni mo ṣe." Bàbá mi ní kí ó fi han òun. Màmá mi gbé ẹ̀wù náà kọ́ okùn ìsáṣọ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lọ́jọ́ náà, pẹ̀lú igi ìkọ́ṣọ, ó sì dúró níwájú rẹ̀ bí ẹni tí ó dojú kọ ènìyàn. Ó mú bí ẹni mú nǹkan nínú abọ́ funfun. Ó na ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sí àpò tí ó wà ní ọ̀tún ara rẹ̀. Kí ọwọ́ náà tó dé ibẹ̀, ó dúró. Bàbá mi kò bá a wí. Ó kàn rìn lọ síwájú ẹ̀wù náà, ó kọ ẹ̀yìn sí i bí ẹni tí ó fẹ́ wọ̀ ọ́, ó sì gbé ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ sókè. Ọwọ́ rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ti màmá mi wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ẹ̀wù náà wà láàárín wọn.

Ìyáàgbà ni ó sọ̀rọ̀. "Agolo ṣì wà lórí pẹpẹ," ó wí, ó sì padà sídìí ewùrà rẹ̀.

Ìyá Olóbì ṣì wà nínú kámẹ́rà nígbà náà, òun àti gbogbo àwọn tí ó wá ṣàdúrà fún un, lórí fíìmù kan náà. Bàbá mi kò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó gbé kámẹ́rà náà sórí àpótí aṣọ, a sì ń rìn yí i ká bí ẹni pé ènìyàn ń sùn níbẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ dì sínú ìkòkò. Láti orí ògiri, àwọn obìnrin olóbì ń béèrè àwòrán náà lójoojúmọ́. Wọ́n ní káfíńtà ti gbé férémù wá, pé ńlá ni, pé Alhaji ti kan ìṣó sí ògiri yàrá àlejò. Àwọn obìnrin tí ń fi bàbá mi ṣẹ̀sín tẹ́lẹ̀ wá ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ìyẹn gan-an ni kò sì jẹ́ kí ó lè jáde. Ìyáàgbà dá a lábàá pé kí ó sọ pé oòrùn ni ó ba fíìmù jẹ́, nítorí kò sí ẹni tí ó lè bi oòrùn. Màmá mi ní òun yóò lọ jẹ́wọ́. Bàbá mi kọ̀ fún àwọn méjèèjì. Ìgbà náà ni ó béèrè pé ta ni ó wọ ẹ̀wù.

Nígbà tí ó yá, ó fọ fíìmù inú kámẹ́rà náà. Ọ̀sán ni, oòrùn mú, ó sì pẹ́ nínú yàrá náà. Àwọn ọmọ àti ìyàwó Alhaji jáde dáadáa ní ìparí fíìmù, ibi tí ọjọ́ àdúrà kò dé. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, Ìyá Olóbì kò sí láàárín wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ ni ìyá wà, ìbẹ̀rẹ̀ náà sì ni àdúrà wà. Bàbá mi ṣàlàyé fún mi pé ibi tí ó bá ṣókùnkùn nínú àwòrán àkọ́kọ́ ni àwòrán kejì máa ń gbà, ẹnu ọ̀nà tí ó ṣókùnkùn ni ó sì gbé ìyá náà sí. Ó tẹ ẹyọ kan tí ó sàn jù jáde. Mo wò ó. Mo rí fìlà, mo rí ọwọ́, mo rí agbọ̀n obì kan tí ó dà bí ìkùukùu. Lónìí, nígbà tí mo bá pa ojú dé, mo ń rí ìyá náà kedere láàárín wọn, ìyẹn ni ó sì ń jẹ́ kí n fura sí ara mi.

Mo ti rò ó lọ́pọ̀ ìgbà bóyá ẹ̀wù náà wúlò. Àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán tí mo ń rí nísinsìnyí ṣì ń wọ irú rẹ̀, káàdì kékeré àti bátìrì ni wọ́n ń kó sínú rẹ̀, bí wọ́n bá sì bi mí, n kò ní í sọ pé kí wọ́n bọ́ ọ. Òótọ́ ni ohun tí bàbá mi sọ nípa Likosi. Èjìká rẹ̀ tí ó rọ̀ dúró dáadáa lọ́dún náà. Òótọ́ sì ni pé ooru mú un, pé ó máa ń yọ́ ìdí jókòó bí aboyún kí nǹkan má bàa fọ́ sí i lára. Ṣùgbọ́n n kò rò pé èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí ni ọ̀rọ̀ náà. Agolo ní ìdérí tí ó le. Ẹni tí yóò bá ṣí i ní láti dúró díẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí ó fẹ́ ṣe. Àpò kò dá ọwọ́ dúró. Ó fún ọwọ́ ní ohun tí ó bá bá níbẹ̀, yálà ohun tí ọwọ́ ń wá ni tàbí òmíràn. Bàbá mi ń wọ ẹ̀wù náà lọ lẹ́yìn ìgbà náà, títí ó fi gbó. Agolo ni ó wà nínú àpò ńlá ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń yọ gọnbu síta, gbogbo fíìmù tí ó bá sì ti yà wà nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a lọ sí ilé kejì, bùbá lásán ni ó wọ̀. Ó ní òun nìkan ni yóò lọ. Màmá mi wé gèlè, ó sì tẹ̀lé e, èmi sì di ìró rẹ̀ mú. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun ìrọ̀lẹ́ tán ni. Férémù náà wà lórí tábìlì yàrá àlejò, òfìfo, ìṣó sì wà lára ògiri lókè rẹ̀. Alhaji dìde kí wa. Bàbá mi kò jókòó. Ó sọ ohun gbogbo láti ìbẹ̀rẹ̀: àpò ọ̀tún, àpò òsì, ahọ́n fíìmù, ọjọ́ àdúrà. Kò dárúkọ abọ́, kò dárúkọ ìfọṣọ. Nígbà tí ó parí, màmá mi kúnlẹ̀, ó sì sọ ti abọ́. Alhaji wo àwọn méjèèjì. Ó na ọwọ́ pé kí wọ́n mú àwòrán náà wá.

Ó wò ó, ó yí i, ó tún wò ó. Ó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ àgbà. Wọ́n gbé e fún ara wọn yíká. Alhaji wá béèrè, kì í ṣe pẹ̀lú ìbínú, pé níbo ni ìyá òun wà. Ọ̀rọ̀ náà burú ju ìbínú lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Sẹ̀fíá, àkọ́bí Ìyá Olóbì, wọlé láti ìdí agbọ̀n obì. Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó gba àwòrán náà, ó gbé e lọ sídìí fèrèsé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rín kan wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lójú rẹ̀, omi sì ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá rèé," ó ní. "Ẹ wo ọwọ́ wọn. Bí wọ́n ṣe máa ń ká ìka mọ́ obì nìyẹn."

Àwọn obìnrin rọ́ lọ bá a. Ọ̀kan rí i, èkejì rí i, wọ́n ń pe orúkọ ìyá náà, wọ́n ń pe oríkì rẹ̀. Alhaji pàápàá tẹ orí ba, ó ń mi orí díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó mọ́ kedere, ìka rẹ̀ ká díẹ̀. Mo gbójú sókè wo bàbá mi, mo sì rí i pé kì í ṣe ọwọ́ náà ni ó ń wò. Màmá mi náà rí i. Ó fi ọwọ́ kàn án ní ẹ̀yìn, fẹ́ẹ́, bí ẹni tí ń sọ pé kí ó jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Bàbá mi sún mọ́ fèrèsé. "Ẹ forí jì mí, ẹ̀gbọ́n," ó ní. "Ọwọ́ yẹn kì í ṣe tiwọn. Ọ̀kan nínú àwọn tó wá ṣàdúrà ló ni ín. Ìyá rèé." Ó sì fi ìka rẹ̀ sí òkè, lábẹ́ ìlà àwọn fìlà funfun, níbi tí n kò rí ohunkóhun ju àwọ̀ eérú lọ.

Àwọn obìnrin tẹjú mọ́ ibi tí ó nà sí, wọ́n ń gbìyànjú. Àǹtí Sẹ̀fíá kò gbójú kúrò lára ọwọ́ náà.

"Bàbá Fúnkẹ́," ó ní, "ẹ gbé ìka yín kúrò níbẹ̀. Èmi ti rí wọn."

Alhaji fa férémù náà sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti fi àwòrán náà sí i. Bàbá mi gbé ìka rẹ̀ kúrò.